Iṣẹ́ Kan, Ọ̀nà Púpọ̀: Ohun Tí Ìwà Ẹranko Lè Kọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú ìlú wa)



Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yìí, wọ́n ní kí a mú ohunkóhun tí ó bá wù wá sọ, bí ó bá ti lè ran ìlú lọ́wọ́. Olùkọ́ ọmọdé ni wá. Láti ọjọ́ tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá: ẹyẹ, kòkòrò, ẹran ilé àti ẹran ìgbẹ́. Ohun tí ẹni bá ní ni ó fi ń ṣe àlejò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹranko ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlọ́ ìjàpá ni a fẹ́ pa fún àwọn àgbà ní ọ̀sán gangan. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ojú ara wọn rí, tí wọ́n sì kà ní ẹyọ ẹyọ, ni a óò sọ, kí a tó mú un dé orí ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ láàárín wa.

Ọ̀ràn náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Láti ìgbà tí a ti fi ìpìlẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí wa lélẹ̀ ni ìbéèrè kan ti ń da Ẹgbẹ́ láàmú: ta ni ń ṣiṣẹ́ ìlú, ta ni kò ṣe é? Àwọn tí ń bẹ nílé ní àwọn ni àwọn ń ru kọ́ńkéré lórí, pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni àwọn ará ẹ̀yìn odi mọ̀ ọ́n sọ. Àwọn ará ẹ̀yìn odi ní owó àwọn ni ó di kọ́ńkéré. Àwọn ìyá wa tí ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Sátidé ní kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ ka èéfín tí ń ta àwọn lójú mọ́ iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí àwọn bá ṣe é, a óò ní kò dára. Bí àwọn kò bá sì ṣe é, a óò ní ọ̀lẹ ni àwọn. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a máa ka orúkọ àwọn tí kò bá wá síbi iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ní gbangba ìpàdé, kí ojú lè tì wọ́n. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí ni a kọ́kọ́ ti àbá náà lẹ́yìn, nítorí pé a kò mọ ọ̀nà mìíràn ju ti ìwé orúkọ ilé-ìwé lọ: ẹni tí ó wá, àmì, ẹni tí kò wá, òdo. Ọwọ́ wa ni wọ́n fi ìwé náà sí. Ènìyàn 17 ni a ka orúkọ wọn ní ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú ohùn kan náà tí a fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. A óò padà sórí ọ̀kan nínú àwọn 17 náà.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé oyin ná. Nígbà tí àwọn òyìnbó bá fẹ́ yin ẹni tí kì í simi, oyin ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì, Martin Lindauer, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Karl von Frisch tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973 lórí èdè ijó oyin, fẹ́ mọ̀ bí ìyìn náà ti jẹ́ òtítọ́ tó. Ó fi àmì sí ara oyin kan ṣoṣo, ó sì ṣọ́ ọ fún nǹkan bí wákàtí 177. Ní ọdún 1952 ni ó tẹ ohun tí ó rí jáde. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo wákàtí wọ̀nyí ni oyin náà fi dúró jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ó sì fi ń rìn kiri nínú ilé, tí ó ń yọjú sí ihò afárá yìí, tí ó ń yọjú sí tọ̀hún. Ìyókù, tí kò tó ìdajì rárá, ni ó fi ṣe ohun tí àwa óò pè ní iṣẹ́.

Ṣé ọ̀lẹ ni oyin? Ẹ jẹ́ kí a wo ìrìn kiri rẹ̀ yẹn dáadáa. Kò sí ẹni tí ń pín iṣẹ́ nínú ilé oyin. Ìyá wọn kì í pàṣẹ, ẹyin ni ó ń yé. Nípa ìrìn kiri ni oyin fi ń mọ̀ pé ihò kan ń fẹ́ gbígbá, pé ebi ń pa ọmọ kan, pé afárá kan ń fẹ́ títúnṣe. Bí ó bá rí i, á bọ́ sí i. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, inú ilé ni ó ń gbá. Lẹ́yìn náà ó di olùtọ́jú ọmọ. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ń mọ afárá, ó di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí ó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó tó máa jáde lọ sí oko òdòdó, níbi tí ayé rẹ̀ yóò ti parí sí. Iṣẹ́ oko yìí nìkan ni àwa ènìyàn ń rí, òun nìkan ni a sì ń yìn.

Àwa náà ní oyin tí ń rìn kiri. Ọmọ ìlú wa kan wà tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìgbà tí a bá fi àwòrán ilé náà ránṣẹ́, ìbéèrè ni yóò fi dáhùn: níbo ni omi yóò gbà jáde, níbo ni a óò kó ẹ̀jẹ̀ dà sí, kí ni ìwọ̀n ilẹ̀kùn yìí? A ti sọ ọ́ di alárìíwísí. A tilẹ̀ sọ ọ́ lójú ìpàdé pé bí ó bá fẹ́ràn ilẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó wá kàn án. Ìbéèrè rẹ̀ ni a fi mọ̀ nígbẹ̀yìn pé ẹnu ọ̀nà yàrá ìbímọ kò fẹ̀ tó kí ibùsùn aláìsàn gba ibẹ̀ kọjá, a sì gbòòrò rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Kò ru bíríkì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn iṣẹ́ òru ni ó ń jókòó ti àwòrán wa.

Àpẹẹrẹ kejì le ju ìyẹn lọ. Èèrà ni Yorùbá fi ń kọ́ ọmọ ní àìṣọ̀lẹ. Ó wá jẹ́ pé àwọn èèrà kéékèèké kan wà ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbé inú pàlàpálá àpáta, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kì í ṣe nǹkan kan. Daniel Charbonneau àti Anna Dornhaus ní Yunifásítì Arizona fi ọ̀dà aláwọ̀ oríṣiríṣi kán èèrà kọ̀ọ̀kan lára kí wọ́n lè dá a mọ̀, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 40 nínú 100 ni wọ́n kàn wà níbẹ̀ ṣáá. Wọn kì í tọ́jú ọmọ, wọn kì í wá oúnjẹ, wọn kì í ṣọ́ ilé. Àwọn méjèèjì àti ẹlẹgbẹ́ wọn wá dán ohun kan wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Wọ́n kó ìdá kan nínú márùn-ún lára àwọn èèrà náà kúrò, àwọn tí ó já fáfá jù lọ ni wọ́n sì kó. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí a ti ń pè ní ọ̀lẹ ti dìde sí iṣẹ́, iṣẹ́ ilé náà sì padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n tún yí i padà: wọ́n kó àwọn ọ̀lẹ kúrò. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó gba ipò wọn. Ilé náà ń ṣiṣẹ́ lọ bí ó ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń dúró dè é mọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka èyí, ó bà wá nínú jẹ́ díẹ̀, nítorí a rántí iye ọmọ tí a ti fi ẹgba lé kúrò lójú fèrèsé láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wá.

A mọ̀ pé bí a ti ń sọ èyí, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn. Láti òní lọ, bí a bá pè wọ́n síbi iṣẹ́, wọn óò ní èèrà adúródè ni àwọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ pé adúródè ni àwọn èèrà wọ̀nyí títí ìgbà tí àyè ṣófo tí wọ́n sì dìde. Ní oṣù kẹjọ tí ó kọjá, nígbà tí àìsàn dá mẹ́rin nínú àwọn bíríkìlà wa dúró, a ránṣẹ́ sí ilé mẹ́wàá. Ilé méje ni ènìyàn ti wá. Ilé mẹ́ta tí kò wá mọ ara wọn, a kò ní fi èèrà Arizona bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ẹyẹ ẹ̀gà ni a óò sì fi sọ ọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ariwo ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Akọ ẹ̀gà ni ó ń kọ́lé. Yóò fi ẹnu gé ewé ọ̀pẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fò, ewé náà yóò sì ya tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ọ̀já. Òrùka ni yóò kọ́kọ́ hun, yóò dúró sínú òrùka náà, yóò sì máa hun iwájú àti ẹ̀yìn láti ibi tí ó dúró sí. Bí ó bá parí rẹ̀, yóò so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, yóò máa lu apá, yóò máa pe abo. Abo yóò wọlé, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fa ewé yìí, yóò fa tọ̀hún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lọ. Bí ewé ilé náà bá ti ń gbẹ tí abo kankan kò sì gbà á, akọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì tún òmíràn hun sí ibẹ̀. Àwa tí a bá wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀pẹ lè sọ pé: ẹ wo ẹyẹ yìí, láti àárọ̀ ni ó ti ń ṣe é, ilé kan kò sì dúró. Bíríkìlà wa àgbà, ẹni tí ó wó ògiri ìlà-oòrùn lẹ́ẹ̀mejì, gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan àwọn ọ̀dọ́ nìyí. Tọkọtaya ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Nicholas àti Elsie Collias, tọ́ ọmọ ẹ̀gà dàgbà. Àwọn kan ni wọ́n fún ní ewé láti kékeré. Àwọn mìíràn ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ewé kan ní ọdún àkọ́kọ́ ayé wọn. Ní ọdún 1964 ni wọ́n kọ ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn tí ó ní ewé láti kékeré ṣe ìdọ̀tí púpọ̀: wọ́n hun, ó tú, wọ́n so ó, ó já. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n mọ ilé í kọ́. Àwọn tí a fi ewé dù, nígbà tí a wá fi ewé tútù síwájú wọn ní àgbà, wọn kò lè hun ẹyọ kan ṣoṣo wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹyẹ tí a bí iṣẹ́ náà mọ́! Ní oṣù kẹta, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà to bíríkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó sì wọ́, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn. Ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò jù nǹkan tí a lè wó ní wákàtí kan. Bí a bá gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn lónìí, ta ni yóò gbá ilé náà mú nígbà tí bíríkìlà àgbà bá sùn?

Kìnnìún kò ní pẹ́ lẹ́nu wa. Ní ọgbà ẹranko Etosha ní Nàmíbíà, Philip Stander ṣọ́ àwọn abo kìnnìún tí ń ṣọdẹ lórí pápá tí kò ní igi, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 1992 pé olúkúlùkù wọn ní ipò tí ó máa ń yàn. Àwọn kan a máa yí po láti ọ̀tún àti òsì; àwọn kan a máa ba sí àárín, wọn a sì dúró. Àwọn tí ó yí po a lé ẹran náà bọ̀ wá bá àwọn tí ó ba. Nígbà tí púpọ̀ nínú wọn bá wà ní ipò tí ó mọ́ wọn lára ni ọdẹ wọn máa ń yọrí jù. Ẹni tí ó bá wo abo kìnnìún àárín lásán, yóò ní oorun ni ó ń sùn.

Nísinsìnyí, òkété. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé inú ìkòkò ni púpọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n, a sì mọ òwe tí Yorùbá ń pa mọ́ ọn, pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. (Ìlú tí ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn odi ní oṣooṣù kò gbọdọ̀ pa òwe yẹn sókè jù.) Òkété kì í jáde lọ́sàn-án. Ihò ni ó ń sùn sí láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí ó bá ṣe pé òun náà wà nínú ìwé orúkọ wa, òdo ni yóò máa gbà ní Sátidé gbogbo.

Ní Morogoro ní orílẹ̀-èdè Tànsáníà, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní APOPO, tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù dá sílẹ̀, ń kọ́ òkété ní iṣẹ́. Ẹbí òkété tiwa gan-an ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ ni láti fi imú wá bọ́ǹbù tí àwọn ológun rì sínú ilẹ̀ nígbà ogun, èyí tí ó ń gé ẹsẹ̀ àgbẹ̀ àti ọmọdé lẹ́yìn tí ogun ti parí tipẹ́. Ìdí tí wọ́n fi yan òkété kò le: imú rẹ̀ mú, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé bí ó bá tẹ bọ́ǹbù náà mọ́lẹ̀, kò ní bú. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣe é dáadáa, yóò gbọ́ ìró kékeré kan, a ó sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹgba. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń mú un lọ sí oko bọ́ǹbù, nítorí pé oòrùn kò bá a lára mu. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ìpara pa á létí àti nírù kí oòrùn má ba à jó o. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́. Kí oòrùn tó mú, ó ti padà sílé, ó ń sùn.

Ọ̀kan nínú wọn wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Magawa. Tànsáníà ni wọ́n ti bí i, wọ́n sì mú un lọ sí orílẹ̀-èdè Kàǹbódíà ní ọdún 2016. Ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì, ìdajì wákàtí ni yóò fi gbóòórùn rẹ̀ tán, èyí tí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń wá irin lọ́wọ́ lè lo ọjọ́ mélòó kan lé lórí, nítorí ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bọ́ǹbù àti ìṣó. Bọ́ǹbù ilẹ̀ 71 ni ó rí kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2021. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àánú ẹranko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àmì-ẹ̀yẹ góòlù kọ́ ọ lọ́rùn, òun sì ni òkété àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin nǹkan sórí ilẹ̀ tí ó yẹ̀ wò. Ẹranko tí àwa ìbá pè ní asùnlọ́sàn-án.

Ibí ni a dé tí a fi rántí ọ̀kan nínú àwọn 17.

Baba kan ni, ọdẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ka orúkọ rẹ̀, ó wà nínú gbọ̀ngàn. Sátidé mẹ́jọ ni a ka sí i lọ́rùn. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú fìlà rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán: a dúró díẹ̀ kí ìpàtẹ́wọ́ náà parí kí a tó ka orúkọ tí ó tẹ̀ lé e.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn olè kó irin ilé ìgbẹ̀bí lọ ní òru, tí òjò sì pa àpò sìmẹ́ǹtì 22 nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣí tapólì lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bò ó padà. Ìgbìmọ̀ ń bínú, wọ́n ń bèèrè pé kí ni ìdí tí irú èyí kò fi ṣẹlẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ọdẹ náà ni ó dáhùn, kì í ṣe ní ìpàdé, ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ata ni. Ó ní baálé òun ni ó ti ń sùn sídìí sìmẹ́ǹtì náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti já a sílẹ̀, pẹ̀lú ìbọn àti ajá rẹ̀, láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹni tí ó rán an. Ó ní ó rí i pé wọ́n kó ẹrù ìlú sílẹ̀ lásán. Ní Sátidé, nígbà tí àwa bá ń ru kọ́ńkéré, oorun òru náà ni ó ń sùn. Láti ọjọ́ tí a ti kà á ní ọ̀lẹ ni ó ti gbé ibùsùn rẹ̀ padà sílé.

A lọ bá a. Ó gbà wá lálejò, ó gbé omi fún wa, ó sì gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa. Ó ní: “Tíṣà, inú kò bí mi sí yín. Ṣùgbọ́n gbangba ni ẹ ti kà mí jáde. Gbangba náà ni kí ẹ ti kà mí wọlé.”

Ẹni tí ó bá ń ka èyí nínú ìwé Ẹgbẹ́ kò ní rí orúkọ rẹ̀, nítorí ó ní kí a má ṣe tẹ òun sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí ní ọdún tí ó kọjá gbọ́ ọ lẹ́nu wa nígbà náà, ẹ sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa lónìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Àwa ni a ṣe àṣìṣe náà.

A kò fẹ́ kí a ti ìhà kan ṣubú sí ìhà kejì. Ìwà ẹranko kì í ṣe òfin fún ènìyàn. Ẹ wo ikán inú ọ̀gán: ọmọ-ogun wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó tóbi débi pé kò lè fi jẹun, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń bọ́ ọ lẹ́nu títí yóò fi kú. Bí a ti bí i ni yóò wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọ̀rọ̀ wa lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé ìdí ààrò ni a bí i sí, tàbí kí ó sọ fún ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn odi pé àpò owó ni a dá a láti jẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà nínú àwọn tí ń pọn omi fún wa tí ó mọ ìwọ̀n bíríkì fi ojú wò ju àwọn tí ó ń tò ó lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn lè kúrò ní ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn.

Ohun tí a wá bẹ̀ Ẹgbẹ́ ni pé kí a yí bí a ti ń ka iṣẹ́ padà. A ti fa ìlà sí ìwé tuntun kan, ó wà níwájú Akọ̀wé níbẹ̀ yẹn, kí gbogbo ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dìbò lé e lórí. Òdo kò sí nínú rẹ̀. Àyè wà fún ẹni tí ó ru nǹkan ní Sátidé, fún ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́, fún ẹni tí ó dáná, fún ẹni tí ó ṣọ́ òru, fún ẹni tí ó yẹ ìwé àti àwòrán wò láti ibi tí ó wà, àti fún ẹni tí ó kọ́ ọmọdé ní bíríkì títò bí ògiri náà tilẹ̀ wọ́. Àyè kan wà fún àwọn adúródè. Ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ yóò kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, a ó sì pè é ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, Alága ni yóò lọ kí i nílé, láìsí kíka orúkọ ẹnikẹ́ni ní gbangba.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, a ó lọ sí ilé baba ọdẹ láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà sídìí sìmẹ́ǹtì. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó pàdé wa níwájú ilé ìgbẹ̀bí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáájú wa débẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí baba náà ti padà sí ìgbẹ́ ọdẹ ní òru, ó sì lè jẹ́ pé oorun ni a ó jí i lójú rẹ̀.